Ìbínú Ló Mú Dúrójayé Rìn

Fúnmilọ́lá ti pẹ́ nílé ọkọ ní Ùsì láìlóyún, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé náà. "Obìnrin yìí" ni Tinúọlá ń pè é. Tinúọlá yìí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, òun ló kó kúrò nílé ọkọ tirẹ̀ padà wá sílé bàbá wọn. Bí Fúnmilọ́lá bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, Tinúọlá á ní kó yé fi ariwo ìgbálẹ̀ dí àwọn létí, ṣebí kò bí ọmọ tí yóò dọ̀tí ilẹ̀. Dúrójayé, ọkọ rẹ̀, á gbọ́, kò sì ní sọ nǹkan kan.

Símẹ́ǹtì ni Dúrójayé ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Orí àga ló máa ń jókòó sí látàárọ̀, àwọn alábàárù á máa gbé ẹrù níwájú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà sílé wọn rárá, síbẹ̀ mọ́tò ló ń gbé lọ. Iyán ló ń jẹ lálẹ́, bíà á sì tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn a máa yìn ín nítorí ikùn rẹ̀ pé ó ti di olówó, inú rẹ̀ sì máa ń dùn.

Fúnmilọ́lá ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò ní ọsibítù Ìdó. Dókítà Bámgbóṣé ní òun kò rí nǹkan kan tó ń ṣe é, kí ọkọ rẹ̀ náà wá. Ìjà ni wọ́n fi jà kí Dúrójayé tó gbà, ó sì ní torí kí wọ́n lè jẹ́ kí òun sinmi lòun ṣe ń lọ.

Nígbà tí èsì jáde, dókítà kò fi bò. Àtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ kò sì lágbára. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rá tó pọ̀ jù lára ọkùnrin máa ń sọ họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú un jẹ́ ọkùnrin di irú ti obìnrin, àti pé itan tó fún mọ́ra máa ń mú kí abẹ́ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ó bi í bóyá kì í wù ú láti sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Dúrójayé yíjú wo Fúnmilọ́lá bí ẹni pé òun ló lọ tú àṣírí.

"Ṣé ẹ ń sọ pé èmi kì í ṣe ọkùnrin ni?"

"Mo ń sọ pé ẹ sanra jù," ni dókítà dá a lóhùn. "Tí ẹ bá dín ara kù, ó ṣeé ṣe kó yí padà. Mi ò lè búra."

Nígbà tí wọ́n délé, Tinúọlá fi ọ̀rọ̀ dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá àwọn sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì bímọ kúnlé. Ó ní kí Dúrójayé lé obìnrin yìí lọ, òun mọ ọmọbìnrin kan ní Ifisin tí àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ máa ń bí ìbejì.

Dúrójayé dìde dúró. "Màá fọn," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Màá fọn títí dókítà yẹn ò fi ní rí nǹkan kan sọ mọ́. Tó o bá ṣì wà bó o ṣe wà nígbà náà, wàá kó ẹrù rẹ, gbogbo Ùsì á sì mọ ẹni tí àbùkù wà lára ẹ̀."

"Mo ti gbọ́," ni Fúnmilọ́lá wí.

Láti ọjọ́ náà ni Dúrójayé ti pa mọ́tò tì. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí oko ọ̀pẹ bàbá wọn lọ́nà Ifisin, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ro ó. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀bá títì ló máa ń jókòó sí, tí á máa mí hẹlẹ. Bí ọlọ́kadà bá dúró láti gbé e, èébú ló fi ń lé e lọ. Ó fi bíà sílẹ̀. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí Fúnmilọ́lá ń sè fún un, ẹ̀yìn ló ń kọ sí ìyàwó rẹ̀ jẹ ẹ́. Wọn kì í kí ara wọn. Tó bá tọ̀ ọ́ wá lórí ibùsùn, bí ẹni tó wá bá ọ̀tá rẹ̀ ṣe ẹjọ́ ni.

Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí rẹ̀. Àwọn ará ọjà ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àìsàn tí kò gbóògùn ló kó. Tinúọlá ń sunkún káàkiri pé obìnrin yìí ti fẹ́ fa àbúrò òun gbẹ.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, Fúnmilọ́lá kò rí nǹkan oṣù rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ó lọ sí Ìdó, wọ́n sì sọ fún un pé ó lóyún. Ó padà sílé, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, ibẹ̀ ló ti ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀.

Bí Dúrójayé ṣe dé ibẹ̀ tó sì gbọ́ nípa oyún náà, ó jókòó sórí pèpéle. Ó ní kó dìde kí àwọn máa lọ sílé, Tinúọlá gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lónìí.

Fúnmilọ́lá kò dìde. "Kí ẹ lè rí mi lé lẹ ṣe fọn," ló wí. "Kì í ṣe nítorí tèmi, kì í sì í ṣe nítorí ọmọ."

"Ìyẹn ti kọjá."

"Lọ́dọ̀ tiyín ló ti kọjá."

Ọ̀yẹ́ ló bí ọmọ náà sí, obìnrin ni. Dúrójayé máa ń wá wò ó. Fúnmilọ́lá á gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, á dúró tì í, á sì gbà á padà. Nígbà tí Tinúọlá gbé aṣọ ọmọ wá, ẹnu ọ̀nà ni Fúnmilọ́lá ti pàdé rẹ̀, kò fi àga lọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin Ifisin ni Tinúọlá tún gbé délé. Dúrójayé sọ fún un pé kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Tinúọlá nìkan ló gbọ́ ọ; Fúnmilọ́lá wà ní Ọ̀yẹ́.