Omi Abẹ́ Àgádágodo

Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tán, ẹ lè fẹ́ ṣẹ́ èpè. Plọ́ḿbà ni, ó sì mọṣẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sọ ọ́ ní Wúńdíá Ọlọ́gbọ́n, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ga bí òpó iná. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ìwàásù ló bí orúkọ náà. Pásítọ̀ sọ lọ́jọ́ Ìsinmi kan pé onígbàgbọ́ tó ń gbàdúrà, tí kò sì múra sílẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro, Ọlọ́run ló ń dán wò. Ó mú ìtàn àwọn wúńdíá tó ń retí ọkọ ìyàwó, bí àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe gbé òróró pamọ́ tí àwọn òmùgọ̀ kò gbé. Ó ní kí olúkúlùkù lọ tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Àwa yòókù ṣe àmín, a lọ jẹun. Ọkọ mi kò jẹun. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ, ó ń fi okùn wọn ilẹ̀.

Kò pẹ́ tí táńkì ńláńlá fi tò sí ẹ̀yìnkùlé wa bí ọmọ ilé-ìwé. Ó so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ó sì fi àgádágodo tì í. Ọrùn ara rẹ̀ ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ sí, níbi tí àwọn mìíràn ń fi àgbélébùú sí.

Mo bi í pé, "Bàbá ọmọ mi, ṣé omi yìí fẹ́ sá lọ ni?"

Ó ní, "Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tó bá le, a máa mọ ẹni tó gbọ́n."

Ó jókòó, ó ṣírò iye omi tí èmi, òun àti àwọn ọmọ máa mu lójúmọ́. Mo ní, "Àǹtí ńkọ́?" Ó ní Àǹtí ní ilé tirẹ̀.

Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó ń dá gbé ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Ìyá wọn kú nígbà tí ọkọ mi ṣì ń rá. Àǹtí ló pọ̀n ọ́n dàgbà, òun ló fi ilé-ìwé sílẹ̀ tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ títí ọmọ ìyá rẹ̀ fi kọ́ṣẹ́ yege. Kò bímọ. Á ní àkọ́bí òun ti hu irùngbọ̀n, kí lòun tún ń wá? Ọwọ́ rẹ̀ kì í di nǹkan mú rárá. Bí ẹ bá yin búláòsì ọrùn rẹ̀, ẹ tètè wá ohun tí ẹ máa fi dì í lọ sílé, torí ó ti di tiyín.

Ọkọ mi a máa bá a wí. "Àǹtí, ẹ kì í tọ́jú nǹkan kan. Ọjọ́ ń bọ̀ o."

Àǹtí á fi eyín já òwú, á ní, "Bó bá dé, ṣebí ìwọ wà ńbẹ̀."

Ọjọ́ náà dé lóòótọ́. Òjò tó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ ló rọ̀. Odò kún àkúnya, gọ́tà àti ṣáláńgá pa pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n sì wọ inú kànga àti páìpù ìjọba. Rédíò ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi ẹ̀rọ, pé àrùn onígbáméjì ti wọ ìlú. Nílé wa, omi tó mọ́ gaara là ń mu. Ọkọ mi gba àdúrà ọpẹ́, ohùn rẹ̀ sì dé òdìkejì ọ̀nà. Èmi náà ṣe àmín. N kò ní purọ́, ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo bá rí ife lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi.

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kan géètì. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí ẹnikẹ́ni. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí mo bá fún yín, kò ní tó àwa àti ẹ̀yin." Wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á sì yí padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí dé. Ó ká ìró sókè dé orúnkún, ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré lọ́wọ́, ẹ̀rín ló sì ń rín bọ̀.

"Ìyàwó mi, o kú ìfaradà o. Ọmọ mi dà? Ẹ fún mi lómi, ọ̀fun mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ pọ̀."

Ọkọ mi jáde sí i. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo òpópónà. Àwọn tó ti dá padà dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, gbogbo ojú ń bẹ lára wa.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, bí mo bá fún yín báyìí, kí ni mo fẹ́ wí fún àwọn wọ̀nyí? Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo ti ń sọ fún yín tipẹ́. Wọ́n ń ta omi lódìkejì afárá. Ẹ kúkú lọ rà níbẹ̀."

Àǹtí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ó wá wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ó ní, "Ó dáa, ọmọ ìyá mi." Ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Mo lọgun, "Bàbá ọmọ mi! Àǹtí nìyẹn!" Ó ní kí n má dá sí i, pé òun kò lè ṣe ojúsàájú lójú gbogbo ayé. Mo bu gbogbo omi tó kù nínú kẹ́túlù sí ike kan, mo sáré lé Àǹtí bá. Ó mu díẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbé ìyókù fún ìyá ọlọ́mọ tó dúró tì wá. Mo fẹ́ bínú sí i. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Má bá a jà nítorí mi. Ẹ̀rù ló ń bà á. Láti kékeré lẹ̀rù ti máa ń bà á pé nǹkan máa tán."

Afárá tó ní kó gbà ti rì. Àwa kò mọ̀. Ilé ni Àǹtí padà sí, omi kànga ló sì mu.

Lọ́jọ́ kẹta, onígbàjámọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Àǹtí ló wá pè wá. "Plọ́ḿbà! Ẹ̀gbọ́n yín ti ń bì, ó ń yàgbẹ́, kò lè dìde mọ́!" Ọkọ mi sáré jáde láìwọ bàtà. Ó gbé Àǹtí la ẹrẹ̀ kọjá dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó gbà á wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Gbogbo omi ara rẹ̀ ló ti gbẹ yìí. Ẹ ò rí omi tó mọ́ po iyọ̀ àti ṣúgà fún un nílé ni?"

Ọkọ mi ní, "Mo ní omi."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní omi nílé."

Nọ́ọ̀sì yára lọ gbé omi tí wọ́n máa fà sí i lára wá. Kí oòrùn tó wọ̀, Àǹtí ti kú.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Pásítọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ kejì, ó ní ká gba kámú, pé Ọlọ́run ló fún wa, òun náà ló gbà á. Ọkọ mi gbé orí sókè. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Ọlọ́run bò mí láṣìírí. Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ wà." Pásítọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bí Pásítọ̀ ṣe lọ, ọkọ mi bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí àgádágodo, ó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n wá pọn omi. Àwọn kan kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Nígbà tó yá, wọ́n dé pẹ̀lú garawa, ìkòkò àti kẹ́ẹ̀gì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu omi fún wọn. Kò sẹ́ni tó pè é ní Wúńdíá Ọlọ́gbọ́n. Wọ́n ń kí i kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n sì ń gbé omi lọ.

Gbogbo òpópónà ló pọn omi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí èrò tán, ó fi ìka lu táńkì tó wà lẹ́yìn, ó lu èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣì kún. Ó wò mí, ó ní, "Ìyá ọmọ mi, ó tó. Ó tó gbogbo wa." Ó gbé orí lé táńkì náà, ó sì bú sẹ́kún.