Oore Kì Í Ṣe Owó Oṣù

Ọjọ́ Àìkú, kété tí ìsìn parí, Dókítà Olújìmí kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Mama Zipporah ní Enugu Road, lókè Ọya níbí. Sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kílíṣì, ẹran gbígbẹ aláta, tí wọ́n wé sínú bébà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ti mọ̀ pé kílíṣì yẹn kì í ṣe lásán. Bí ológbò bá ń kí eku kú ilé, kí eku tètè wo ọ̀nà ihò.

Ọsibítù Dókítà ni Zipporah ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń mójú tó owó àwọn aláìsàn: èyí tí kálukú yóò san, èyí tí ìnṣọ́ránsì yóò san, èyí tí wọn yóò máa san díẹ̀díẹ̀. Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà ló ń gbà lóṣù, láti ìgbà tí àpò ìrẹsì kò tíì wọ́n tó báyìí. Ọsibítù ńlá kan ládùúgbò Hotoro nínú ìlú wa níbí wá pè é, wọ́n ní àwọn á san àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún. Ó kọ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì pé òun ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá a dúró, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi: bí ìyá òun bá ní kóun má lọ.

Dókítà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹbí la fi ń gbani síṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ lọ, ìyá rẹ̀ la ń lọ bá.

"Mama Zipporah," ó ní, bó ti ń jókòó, "ọmọ yín fẹ́ já mi jù sílẹ̀."

Zipporah wà níbẹ̀, ó ń to òwú sórí àtẹ. 

"Ẹ rántí Bàbá Zipporah. Gbogbo àkókò tó fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ẹ san kọ́bọ̀?"

Mama Zipporah wolẹ̀. Òótọ́ ni. Ọkùnrin náà kú, ṣùgbọ́n Dókítà tọ́jú rẹ̀ dé ibi tí agbára ẹ̀dá mọ, kò sì gba nǹkan kan.

"A ò san, Dókítà. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Ẹ bá mi sọ fún un nígbà náà. Iṣẹ́ yẹn gan-an, kọ̀ǹpútà ń bọ̀ wá gbà á. Bí wọ́n bá lé e ní Hotoro, ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀?"

Zipporah rẹ́rìn-ín. "Haba, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ti pẹ́ lórí tábìlì mi. Kò tíì bá ìnṣọ́ránsì jà rí nígbà tí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò sanwó. Kò tíì bá Alhaji kankan jókòó rí, kí wọ́n jọ ṣàdéhùn bí yóò ṣe san owó iṣẹ́ abẹ ìyàwó rẹ̀. Bí ìnṣọ́ránsì ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń wá irú wa kiri. Ẹ̀yin náà mọ̀, lẹ ṣe ra kílíṣì."

Mo yára tẹ máṣíìnì mi, kí ẹ̀rín má baà tú mi fó.

"Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yín? Ẹ ní kó kúnlẹ̀."

Mama Zipporah, tó máa ń kúnlẹ̀ kí ẹni tí ó tó bí lọ́mọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tún gèlè rẹ̀ wé. Kò yára.

"Dókítà, ìyá ìyá mi ṣe ìwọ̀fà lóko olówó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí owó tí bàbá rẹ̀ yá. Títí ó fi kú ni ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún. Ẹ ṣe wá lóore, n ó máa dúpẹ́ títí màá fi wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fi Zipporah ṣe ìwọ̀fà fún yín. Oore kì í ṣe owó oṣù."

Ó rọra ti kílíṣì padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Dókítà sún àga rẹ̀ síwájú. "Ó dáa," ó ní. "Èmi náà á san àádọ́jọ. Láti oṣù yìí."

Zipporah gbé òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Owó náà ti wà lọ́wọ́ yín látọjọ́ yìí nìyẹn, Bàbá?"

Dókítà gbé kílíṣì rẹ̀, ó dìde.

"Ẹ ṣeun. Ẹ máa san án fún ẹni tó bá jókòó sórí àga mi. Bẹ́ ẹ bá fún un ní ọgọ́rin, Hotoro ò jìnnà. Màá ránṣẹ́ pè é."