Ohun tí Owú Rí ní Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Priit

Ìyá Nosiru kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ tán tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi bú u. Bó ṣe yé e nìyẹn ná.

Sìlífátù ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìṣẹ́yìn kó tó fẹ̀yìntì, ẹnu rẹ̀ kò sì bá a fẹ̀yìntì. Ìgbà ooru ọdún 2006 ni Nosiru ọmọ rẹ̀ fi ìwé pè é wá sí Ongar, ní ẹ̀bá Dublin, níbi tí ilé tuntun ti ń hù bí olú, tí kírénì sì ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Munirat, ọmọbìnrin Nosiru, ọmọ ọdún mẹ́ta, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ìyá àgbà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Vanaema!"

Sìlífátù ju báàgì sílẹ̀. "Àna kí ni? Nosiru, ṣé èmi ni ọmọ yìí ń pè ní àna? Èmi tí mo bí bàbá ẹ̀?"

Nosiru họrí. "Màámi, ẹ má bínú. Kò pè yín ní àna. Ìyá àgbà ló pè yín."

"Ní èdè wo?"

"Èdè Estóníà ni, mà."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò le. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Nosiru ń ṣe láàárín ìlú, nọ́ọ̀sì sì ni Adéjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ìdájí ni àwọn méjèèjì ń wọ̀ ní Clonsilla. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé Munirat lọ sọ́dọ̀ Maarika, aládùúgbò wọn kan tó wá láti Estóníà. Maarika ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń pa á lẹ́rìn-ín, òun náà ló ń bá a wí. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ ń bá a sọ nílé, wọ́n ní kí orí ọmọ má baà dàrú.

"Yorùbá ńkọ́?"

"Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, Màámi. Tó bá yá, á jáde."

"Nosiru, ohun méjì péré ló ń dá jáde lára ọmọ. Mo ti nu méjèèjì fún ọgbọ̀n ọdún."

Bó ti sọ nìyẹn o, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó wù ú kí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń bu ọ̀rọ̀ sí Munirat létí bí ẹni ń bu omi sí ìkòkò tó jò. Ó ní kó wá, kò wá. Ó ní kó jẹun, ọmọ náà ní, "Ei taha," ìyẹn ni pé òun ò fẹ́, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, Maarika pe gbogbo wọn wá jẹ ẹran sísun lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Níbẹ̀ ni Sìlífátù ti mọ Priit, ọkọ Maarika. Káfíńtà ni, ó ga bí òpó iná, ó sì nífẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ gan-an. Yánis náà wà níbẹ̀, ará Látfíà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí òun àti Priit jọ ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́.

"Èdè wa kò bá ti àwọn òyìnbó yòókù tan," Priit fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún ìyá náà. "Àwa àti àwọn ará Fínlándì, ọmọ baba kan náà ni wá. Láti ìlà oòrùn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá òkè Úrálì, ni àwọn baba wa ti gbé e wá, ó ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn onímọ̀ ti rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin. Bàbá ló ń gbé e fún ọmọkùnrin, obìnrin ò sí níbẹ̀."

Ó ní òun ti fi owú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun, òun sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi itọ́ ẹni yẹ ìran ẹni wò. Yánis náà ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́, àwàdà ló fi ṣe é.

"Tí Yánis ò lè ní àmì kankan," ni Priit wí. "Ẹ gbọ́ èdè rẹ̀ náà, ó kàn dà bíi ti gbogbo ayé."

Sìlífátù gbé egungun kalẹ̀. "Ọmọ yìí, mo ti gba ẹgbẹ̀rún ọmọ jáde. Gbogbo ohun tó o mọ̀ nípa bàbá ẹ, ìyá ẹ ló sọ ọ́ fún ọ."

Yánis fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bíà pa ara rẹ̀. Ojú Priit pọ́n. "Ẹ jẹ́ ká fi ta tẹ́tẹ́," ó ní. "Tí àmì yẹn bá wà lára mi, ẹ máa kọ́ èdè mi."

"Mo gbà. Tí kò bá sí, wàá dúró lójú títì yìí, wàá kọ orin orílẹ̀-èdè Yánis."

"Grand," ni Priit wí, bí àwọn ará Dublin ṣe ń sọ pé ó dára.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Sìlífátù kírun alẹ́ tán, àdúrà tó gbà yà á lẹ́nu. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí Priit jàre. Tí ẹ̀jẹ̀ bá lè gbé èdè la òkè kọjá fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, a jẹ́ pé Yorùbá wà níbì kan lára Munirat, tó kàn ń sùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà méjèèjì dé. Priit ya tirẹ̀ lórí ògiri kékeré tó wà níwájú ilé. Ó kà á, ó tún un kà, ó yí i padà bóyá nǹkan wà lẹ́yìn ìwé.

"Swídìn," ó ní. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n sọ fún pé ewúrẹ́ ló bí i. "Wọ́n ní ìdílé bàbá mi jọ ti àwọn ará Swídìn."

Maarika rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí koríko. Yánis rọra ya tirẹ̀. Àmì ìlà oòrùn ló wà níbẹ̀, ó dúró gbọin.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀!" ni Priit pariwo.

Yánis ka àlàyé tó wà nísàlẹ̀ ìwé fún wọn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọkùnrin Estóníà ló ní àmì yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin Látfíà tó ní in pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ èdè wọn kò jọra rárá. Wọ́n ní tí a bá sì wo ti ìdí ìyá, àti Estóníà àti Fínlándì, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn aládùúgbò wọn.

 Ó ti yé Sìlífátù wàyí. Àwọn kan ti ìlà oòrùn dé, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bímọ. Àwọn ọmọ kan di èdè baba mú, àwọn mìíràn jù ú nù, wọ́n gba ti ará ilé àna. Àwọn mìíràn tí wọn ò bá wọn tan níhà baba rárá, bíi Priit, ló wá ń sọ ọ́ lónìí, nítorí pé èdè yẹn ni ẹni tó bọ́ wọn ń sọ. Ó wo Munirat, tó bẹ̀rẹ̀ sídìí igbó, tó ń fi èdè Estóníà bá ológbò kan jà.  Kò sí Yorùbá kankan tó ń sùn níbẹ̀.

Priit san gbèsè rẹ̀. Ó dúró láàárín títì, Yánis ń pe ọ̀rọ̀ orin sí i létí, òun ń bà á jẹ́. Bàbá Irish kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn dúró, ó ṣí fìlà, ó rò pé ẹnì kan ló kú.

Kí Nosiru tó jẹun tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ti ṣòfin. "Maarika ni òwúrọ̀, èmi ni ọ̀sán. Gẹ̀ẹ́sì tiyín, ẹ máa sọ ọ́ níbi iṣẹ́."

"Màámi, orí ọmọ á dàrú."

"Orí tó gba Estóníà kò ní bẹ́ nítorí Yorùbá. Tìẹ ló ti dàrú, ìwọ tó o fi ohun tó yẹ kó wà lẹ́nu pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sìlífátù ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ń bú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ń bú ẹyẹlé, ó ń bú òjò tó ń rọ̀ nínú oòrùn, Munirat á sì máa wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Oṣù kan kọjá, kò sí nǹkan kan. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí físà ìyá náà parí nígbà tí Nosiru fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rìn wọ pálọ̀.

Munirat gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Ṣé o ò lójú ni?"

Nosiru dúró bí igi. "Màámi, ó sọ Yorùbá! Àmọ́ 'o' ló fi pè mí. 'Ẹ' ló yẹ kó sọ."

"Èwo lo fẹ́, kó sọ ọ́ tàbí kó má sọ ọ́?"

Nosiru jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà ẹrẹ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó tún nu ojú. Ó wá pe Adéjọkẹ́ níbi iṣẹ́, ó gbé fóònù sẹ́nu ọmọ pé kó tún un sọ. Munirat tún un sọ fún ìyá rẹ̀ ketekete, ó fi "ọ̀bùn" kún un. Sìlífátù búra pé kì í ṣe òun ló kọ́ ọ.