Aṣọ Àrán Lára Ampilifáyà

Ìwàásù Jímọ̀ kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ampilifáyà mọ́ṣáláṣí Ìmùṣin sì ti yadi. Abdulrauf, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, wá wò ó. Òórùn ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Aṣọ àrán ni wọ́n fi wé e. Fáànù rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́, ó gbóná títí ó fi panu mọ́, eku sì ti bímọ sábẹ́ àrán. Àkẹ́bàjẹ́ kì í ṣe ti ọmọ nìkan.

“Alhaja, ta ló wé e?”

“Èmi ni,” Ìyá Súnà, ìyá olóyè mọ́ṣáláṣí náà, dáhùn. “Ṣé ìhòòhò lo fẹ́ ká fi ohun iyebíye sílẹ̀ ni?”

Òórùn eku mú kí Abdulrauf tutọ́ síta. Ó gbá ìgbẹ́ eku dànù, ó dúró kí ẹ̀rọ tutù, ó tan án. Ohùn já gaara. Ó fi àrán di àwọn ọmọ eku, ó nà án sí Ìyá Súnà.

“Ẹ gbà á, Alhaja. Àwọn wọ̀nyí gan-an ló wà níhòòhò.”