Ọ̀rọ̀ Kò Jẹ̀bi, Ìborí Ló Jẹ̀bi

Àṣìṣe mẹ́ta ló wáyé ní kgotla ìlú Mokgalwane, àgbàlá tí ọba ti ń ṣèpàdé tó sì ti ń dájọ́, lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Èkíní, wọ́n ní kí Onkgopotse wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì gbà wọ́n gbọ́. Èkejì, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé ìborí fún un. Ẹ̀kẹta, gbogbo ìlú sunkún, ẹkún náà sì dùn mọ́ wọn débi pé wọ́n rò pé àwọn ti ṣe ojúṣe àwọn tán.

Kò sí ilé kan ní Botswana tí wọn kò ti mọ ohùn Onkgopotse. Òun ló ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, bó bá ké pé "Ó wọlé!", darandaran tó wà nínú igbó á fò sókè tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Mokgalwane tó bí i fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré tuntun, Kgosi Tumediso, ọba ìlú náà, sì ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mma-Onkgopotse ni wọ́n ń pe ìyá rẹ̀; ọmọkùnrin obìnrin náà ni wọ́n ń retí. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wọ aṣọ búlúù tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ìborí wà lórí rẹ̀. Ó kọjá lára àga àwọn ọkùnrin, ó lọ jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ìyá náà ti ro ọ̀rọ̀ ìborí yẹn dáadáa. Obìnrin kì í wọ kgotla láì bo orí, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kì í wọ ibẹ̀ pẹ̀lú orí bíbò. Ọmọ tí yóò wọlé gẹ́gẹ́ bí obìnrin gbọ́dọ̀ wọlé bí obìnrin tó ní ìyá nílé. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì bá wá: kí ìlú máa pe Onkgopotse ní Mma, bí a ti ń pe obìnrin, kí wọ́n yé pè é ní Rra, bí a ti ń pe ọkùnrin.

"Mma-Onkgopotse," Mma-Sethunya tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ọmọ rẹ mọ aṣọ wọ̀ o. Tèmi tí mo bí ní obìnrin látilẹ̀, bí àpò ọkà ló ṣe ń rìn."

"Pa ẹnu rẹ mọ́, jàre," ni ìyá náà dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Láti ìhà àwọn ọkùnrin, ẹnì kan lọgun: "Ẹ wò ó! Wọn ò tíì fọn fèrè ìsinmi, ọ̀gbẹ́ni ti pààrọ̀ ẹgbẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń ké lábẹ́ wọn. Kgosi gbé ọwọ́ sókè, gbogbo rẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Nínú kgotla, a kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu, a kì í sì í fi ohun tó bá sọ dá a lẹ́bi. Òfin àwọn baba wọn nìyẹn, òfin tí wọ́n fi ń yangàn.

Onkgopotse dìde.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ mọ ohùn mi. Ó ti bá yín jẹun, ó ti bá yín ṣọ́ òkú, ẹ ti gbé e lọ sí oko màlúù nínú rédíò kékeré. Ohùn yẹn nìkan ni mo ń rán sí yín. Èmi fúnra mi kò wọ ilé yín rí. Nínú yàrá tí mo ti ń ròyìn, kò sẹ́ni tó ń wò mí, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń mí dáadáa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ rán mi lọ da ẹran kí n lè di ọkùnrin. Màlúù kan wà níbẹ̀ tí ìwo rẹ̀ kán. Òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún pé obìnrin ni mí. Kò sá fún mi. Ó ń jẹ koríko rẹ̀ lọ. Mo ti ń wá ènìyàn tó máa ṣe bíi màlúù yẹn láti ìgbà náà wá. N kò wá tọrọ pápá. Ẹ jẹ́ kí n wọlé tọ̀ yín wá lónìí, èmi pẹ̀lú ohùn mi. Mma Onkgopotse ni mí."

Mma-Sethunya ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ké igbe ayọ̀, àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́, Kgosi fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀. "Pula!" ni gbogbo wọn hó, ìyẹn òjò, bí ẹni tó rí i lẹ́yìn ọ̀dá. Mma-Onkgopotse di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ntwaetsile, àbúrò baba ọba, fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ dùn. Mo sunkún, mi ò purọ́. Ọ̀rọ̀ kì í sì í jẹ̀bi níbí. Ṣùgbọ́n ìborí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọkùnrin bo orí nínú kgotla, lójú ọba. Ta ló tún máa bọ̀wọ̀ fún wa lọ́la?"

Kgosi wo àwọn ọkùnrin rẹ̀. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ ti ń mi orí pé òótọ́ ni bàbá àgbà sọ.

"Rra Onkgopotse," ni ó wí, "ṣí i kúrò."

"Kgosi, ilé ẹjọ́ gíga ti pàṣẹ, káàdì ìjọba mi sì sọ pé obìnrin ni mí."

"Ìjọba Gaborone ló ni káàdì. Kgotla ló ni orí tó bá wọ inú rẹ̀."

"Bí mo bá ṣí i, mo ti gbà pé irọ́ ni mo pa fún yín. N kò ní ṣí i."

Ẹjọ́ náà kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń mu tíì. Ẹgba mẹ́rin. A kì í na obìnrin ní kgotla. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún là ń nà, Onkgopotse kò sì tíì pé e. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin bọ́ sí ẹ̀yìn ọgbà onígi tó yí kgotla ká, nítorí wọn kò gbọdọ̀ rí ìhòòhò ọkùnrin. Àwọn obìnrin tó ké igbe ayọ̀ ká bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n ń lọ. Òórùn ẹran tí wọ́n ń sè fún àlejò ń ti ẹ̀yìn ọgbà wá. Mma-Onkgopotse kò dìde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni Modiri, ọlọ́pàá ìbílẹ̀, bẹ̀ ẹ́.

"Ṣe iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi."

Onkgopotse kúnlẹ̀. Modiri fa síìpù aṣọ náà wálẹ̀ lẹ́yìn, ó sì dúró bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀.

"Kgosi... kọ́mú wà níbẹ̀."

"Tú u."

"Ẹ dákun, Kgosi. Èmi ò lè fọwọ́ kan nǹkan obìnrin ní gbangba. Ìyàwó mi á gbọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ntwaetsile wú ikọ́. Kgosi tẹ ojú mọ́ bàtà ara rẹ̀.

"Nà án bẹ́ẹ̀."

Ẹgba dún. Ohùn tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ kò jáde rárá.

Ìyá náà dìde. Kò lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó gba àárín àga àwọn ọkùnrin kọjá, ibi tí obìnrin kì í gbà, ó dúró níwájú ọba.

"Kgosi Tumediso, ọlọ́pàá yín ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin nìkan lẹ kò tíì wò. Ẹgba mẹ́ta ló kù. Ẹ gbé ojú yín kúrò lára bàtà, ẹ wo ẹ̀yìn ọmọ mi, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: Rra ni, àbí Mma? Bó bá jẹ́ Rra lẹ máa wí, ẹ gba pàṣán lọ́wọ́ Modiri, kí ẹ na èyí tó kù fúnra yín. Mo dúró. Ẹ dá mi lóhùn."