Ẹ Má Fọwọ́ Kan Nǹkan Kan Mọ́

"Ẹnjiníà, ó tún ti kú," ni ìyàwó rẹ̀ sọ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ayàwòrán-ilé ni ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ẹnjiníà. Ojú kọ̀ǹpútà ti ṣókùnkùn lójijì, àwòrán ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń yà sì ti bá a lọ. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀, ooru jó o, ó yára gbé e kúrò. Láti inú yàrá kejì, ó ń gbọ́ ìró síìpù báàgì. Ìyá rẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n ń lọ sílé àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́sàn-án yìí, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lò nílé tiẹ̀ níbí, wọn ò sì tíì lo ọ̀kan.

Ó mọ ohun tó ń lé wọn lọ.

Fúnra rẹ̀ ló to kọ̀ǹpútà náà. Ó ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dè é pọ̀ lórí tábìlì ìjẹun, ó sì fi yangàn débi tí ìyàwó rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Ẹnjiníà. Fáànù rẹ̀ ti ń ké láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ tàn án. Ó ní agbára ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, tí wọ́n rí i pé eruku ń wọ ihò ara rẹ̀, wọ́n mú aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán etí rẹ̀, wọ́n fi bò ó, bí wọ́n ṣe máa ń bo gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ràn. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kú, aṣọ yẹn ló rí, ó ní ìyẹn ló mú un gbóná. Ó já a kúrò níṣojú oníbàárà rẹ̀, ó kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ nínú ilé yìí."

Ẹyin lọ̀rọ̀; tirẹ̀ ti balẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun mú un dání. Ìyá rẹ̀ kò jà, wọn ò sunkún. Wọ́n kàn gbọ́ràn ni. Láti ọjọ́ náà, bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike omi: "Ṣé mo lè bu omi?" Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí fèrèsé, wọ́n á bèèrè. Ó ń dun ayàwòrán náà wọra, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kó tọrọ àforíjì. Ó ń dúró de ìgbà tí yóò rọrùn láti sọ ọ́.

Ìyàwó rẹ̀ wá dúró tì í. "Jẹ́ n bi ọ́ ní nǹkan kan. Aṣọ Màámi ti kúrò lórí ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbí?"

"Ó ti kúrò."

"Kí ló wá ń mú un gbóná?"

Ọkọ rẹ̀ mú sukudíráfà. Ó gbọn eruku inú rẹ̀. Kò tó nǹkan. Fáànù ń yí dáadáa. Ó wá tú irin ńlá tó jókòó lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, irin tó yẹ kó máa fa ooru kúrò lára rẹ̀, ó sì yí ìdí rẹ̀ sókè. Ọ̀rá tín-ín-rín kan lẹ̀ mọ́ ìdí irin náà, ooru ti ká a létí kò. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo irin tuntun ni. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

"'Ẹ yọ èyí kúrò kẹ́ ẹ tó lò ó.'" Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ẹnjiníà, ta ló dè é?"

"Èmi ni."

"Aṣọ òkè lo rí, o ò rí ọ̀rá ìsàlẹ̀."

Ojú tì í. Kì í ṣe tìtorí ọ̀rá náà. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Tìtorí ìyá tó ń di ẹrù nínú yàrá ni.

Ó bó ọ̀rá náà, ó fi òwú nu ojú irin, ó fún ìpara tuntun tó ń gbé ooru kọjá sí i, ó sì dè é padà. Kọ̀ǹpútà tàn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, fáànù kò ké. Ó ṣí iṣẹ́ tó wúwo jù lọ, ó dúró, ooru rẹ̀ kò gòkè. Ó dìde lọ bá ìyá rẹ̀.

"Màámi, kì í ṣe aṣọ yín. Èmi ni mo gbàgbé ọ̀rá sábẹ́ irin. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi."

"Inú ò bí mi, ọkọ mi."

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ rí i."

"Ṣé kò ní í bàjẹ́?"

"Kò ní í bàjẹ́, mà."

Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, wọ́n fi síbẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí iwájú orí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, tí ibà bá ń ṣe é.

"Ara ẹ̀ ti wálẹ̀," ni wọ́n sọ, inú wọn sì dùn tọkàntọkàn.

"Ẹ dúró, mà. Ẹ jẹ́ ká tú ẹrù yín."

"Àbúrò rẹ ti ń retí mi, ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màá tún wá."

Ó gbé ẹrù wọn. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi di ìdajì rẹ̀. Ó fẹ́ ní kí wọ́n fi aṣọ náà sílẹ̀ fún òun, kò rí ẹnu sọ ọ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ìta kó tó mọ̀ pé wọn ò tẹ̀ lé òun. Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ wọn wà nítòsí súìṣì, wọn ò kàn án.

"Ọkọ mi," ni wọ́n wí, "ṣé kí n pa iná yìí?"