Ọwọ́ Tí Wọ́n Gbẹ́ Sára Òkúta

Ọdún kọkànlá rèé tí Ògúnjọbí ti ń gé òkúta mábù ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá. Nígbà tí Ọmọ́ṣadé ìyàwó rẹ̀ kú ní Ṣágámù, wọ́n ṣì ń tún físà Ògúnjọbí ṣe ní Sharjah, kò lè kúrò níbẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló wà tó ti ń wo ìsìnkú náà lórí fóònù.

Lẹ́yìn ọdún kan, Fúnmilọ́lá àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní France ní kó wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan lábúlé, èyí tí wọ́n ti kọ́ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Ògúnjọbí fi ojú oníṣẹ́ wò ó: ewé àjàrà òkúta tó lọ́ mọ́ òpó, àwọn áńgẹ́lì tí òjò ti jẹ imú wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Àfi ìgbà tó dé ibi tí wọ́n gbẹ́ ọkùnrin kan sí, tó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń kú lọ mú, ló bá dúró síwájú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan?”

“Nígbà tí àìsàn Ọmọ́ṣadé le, ó ní kí n máa bọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí físà jáde ná. Ó ní, ‘Kò burú, bàbá Jùwọ́n, màá dúró dè yín.’”

Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ òkúta náà, ó sì bú sẹ́kún. Fúnmilọ́lá ò ní kó dákẹ́. Ó jókòó tì í títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ògúnjọbí ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbọ́lá, tí wọ́n jọ ń gé òkúta, bi í pé báwo ni France.

“Òkúta wọn dára,” ló sọ.